Ipa Ẹsẹ̀ Àwẹ̀ró Lára Elégédé

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Mo ní àlọ́ o! Àbí oorun ti gbé yín lọ ni?

Àlọ̀!

Ẹ̀hẹn. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ohùn yín bẹ́ẹ̀. Mojíbádé, fi ẹ̀pà yẹn sílẹ̀ kí o sún mọ́ mi. Bàbá Láníhun, ẹ má tíì sùn o. Ọ̀rọ̀ oko ni àlọ́ tòní, ẹ̀yin lẹ ó jẹ́rìí mi níbi tí mo bá ti gbàgbé. Àlọ́ mi yí gbirigbiri, ó yí wọ inú ihò, ó bá Òkété níbi tó jókòó lé elégédé gbogbo ìlú.

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí àwọn ẹranko ṣì ń dáko bí ènìyàn, wọ́n ní ọdún kan tí wọ́n máa ń ṣe. Ọdún Fìtílà ni wọ́n ń pè é. Bí ọjọ́ rẹ̀ bá pé, ilé kọ̀ọ̀kan á gbé elégédé kan kalẹ̀. Wọ́n á gé orí rẹ̀, wọ́n á ha inú rẹ̀, wọ́n á sè é fún àwọn ọmọ jẹ. Wọ́n á wá dá ihò kéékèèké sí èèpo rẹ̀, wọ́n á da òróró sí i, wọ́n á ki òwú bọ̀ ọ́, wọ́n á tàn án sí ẹnu ọ̀nà ní àṣálẹ́.

Nítorí kí ni? Nítorí àwọn ará ilé tó ti kú. Wọ́n ní ọjọ́ náà ni wọ́n máa ń wá wo ilé. Ẹni tó bá rí iná ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀, á yà, á bẹ àwọn tirẹ̀ wò, á sì padà ní àlàáfíà. Òkú tó ti pẹ́ mọ ọ̀nà dáadáa. Òkú ọdún àkọ́kọ́ ni kò mọ̀ ọ́n. Bí òun kò bá rí iná, á máa rìn kiri títí ilẹ̀ á fi mọ́, ó sì ṣòro kó tó tún mọ ilé wọn mọ́.

Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn o. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà.

Ẹtu ń gbé nínú ìlú náà. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Àwẹ̀ró lorúkọ rẹ̀. Ọmọ náà kì í rìn, sísáré ló máa ń sá. Ní ọjọ́ kan, ó tẹ̀lé ìyá rẹ̀ lọ sí oko. Elégédé kan ṣẹ̀ṣẹ̀ so lórí ìtàkùn, kò ju ọsàn lọ. Ìyá tẹ̀ ba, ó ń tu koríko. Bó ṣe gbójú sókè, ó rí i tí ọmọ ń gbé ẹsẹ̀ kúrò lára elégédé.

"Àwẹ̀ró! Ṣé o fi ẹsẹ̀ tẹ elégédé mi ni?"

"Rárá o, ìyá mi. Mo kàn kí i ni. Mo ní kó tètè dàgbà."

Ìyá wo orí elégédé, kò rí ọgbẹ́ kankan. Ó rẹ́rìn-ín, ó fa ọmọ rẹ̀ létí díẹ̀, wọ́n bá tiwọn lọ sílé.

Oṣù kan kò pé lẹ́yìn náà tí ibà fi mú Àwẹ̀ró. Ọjọ́ mẹ́ta ni. N kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ti sin ọmọ rí nínú wa mọ ibi tí mo bá ọ̀rọ̀ dé.

Ọdún yẹn náà kò dára fún oko. Nígbà tí elégédé ń tanná, òjò rọ̀ bí ẹni pé wọ́n dà á sílẹ̀ láti inú odù. Gbogbo òdòdó já bọ́, oyin kò lè jáde. Nígbà tí ó wá yẹ kí èso mu omi, ọ̀dá dá. Ilẹ̀ sán. Oko tó máa ń so ogún, ó so méjì. Àwọn mìíràn kò so rárá. Oko Ẹtu so ẹyọ kan, èyí tí Àwẹ̀ró kí yẹn ni.

Ó kan Òkété wàyí.

Ẹ má tíì bú u o. Ẹ jẹ́ kí n sọ tirẹ̀ náà. Ìyá Òkété kú ní ọdún tó ṣáájú. Òkété kò gbin elégédé lọ́dún náà, ó rò pé òun á rí kan tọrọ. Ọjọ́ ọdún dé, kò sẹ́ni tó fún un. Gbogbo ìlú ń dán, ilé tirẹ̀ nìkan ló ṣókùnkùn. Ó jókòó sẹ́nu ihò títí ilẹ̀ fi mọ́, ó ń pe ìyá rẹ̀. Àwọn tó ń kọjá lọ fi í rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn ni nǹkan kan ti le nínú Òkété. Ó ní, "Lẹ́yìn èyí, kò ní sí ọdún tí n kò ní ní elégédé mọ́."

Ohun tó fẹ́ nìyẹn, ẹyọ kan péré. Ṣé ẹ rí i bí ojúkòkòrò ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀? Kì í wọlé bí olè. Á wọlé bí ẹni tí ebi ń pa.

Ó ku ogún ọjọ́ kí ọdún pé nígbà tí Òkété lọ kí Ẹtu kú àmúmọ́ra. Ó bá a ní oko, níbi tó jókòó sí, tí kò ro nǹkan kan.

"Ìyá Àwẹ̀ró, ẹ kú ara fẹ́ra kù. Omi ló dànù, agbè ò fọ́."

"O ṣeun, Òkété, àbúrò mi."

Òkété wò yíká, kí ojú rẹ̀ tó bọ́ sára elégédé. Ó ti tóbi, ó ti ń pọ́n. Ẹnu yà á. Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti na ìka sí i: "Ẹ̀yin lẹ ni ìyẹn?"

Yéè! Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. A kì í na ìka sí elégédé tó bá ṣì wà lórí ìtàkùn. Ìkúùkù la fi ń júwe rẹ̀. Wọ́n ní èyí tí a bá na ìka sí, jíjẹrà ló máa jẹrà.

Ẹtu figbe ta. "Ìka rẹ! Òkété, ìka rẹ!"

Òkété ká ìka kò, ó fi pa mọ́ sábẹ́ abíyá. "Ẹ foríjì mí! N kò mọ̀ọ́mọ̀ ni!"

Ẹtu kò tilẹ̀ jà. Ara rẹ̀ ti rẹ̀ kọjá ìjà. Ó ní, "Ohun gbogbo tí mo bá fọwọ́ kàn lọ́dún yìí ló ń bàjẹ́. Já a, kí o máa gbé e lọ. N kò fẹ́ jókòó kí n máa wò ó bó ṣe ń jẹrà." Òkété fún un ní ìwọ̀nba iyọ̀, ó gbé elégédé, ìdọ̀tí oko bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan pátápátá. Ó gbé e wọ ihò, ó fi sórí ibùsùn rẹ̀ lókè, níbi tó gbẹ jù.

Ní ọjọ́ kejì, ó wò ó, kò jẹrà. Ọjọ́ kẹta, kò jẹrà. Ọjọ́ karùn-ún, ó ń dán bí ojú ìyàwó.

Òkété jókòó, ó rò ó wò. Ìka kò pa elégédé. Ṣùgbọ́n ìka pa ọkàn ẹni tó ni ín. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n burúkú ti wọ inú rẹ̀.

Ó gba oko Ọ̀yà lọ. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Àgbà! Háà, ẹ wo elégédé bó ṣe..." Ìka ti nà. "Yéè! Ìka mi! Ẹ dákun, ẹ foríjì mí!"

Ọ̀yà káwọ́ lérí. "O ti pa mí, Òkété! Méjì péré ni mo ní!"

"Ẹ jẹ́ kí n fi iyọ̀ díẹ̀ tù yín nínú. Èmi ni mo bà á jẹ́, ẹ jẹ́ kí n gbé ẹrù ẹ̀ṣẹ̀ mi."

Ọ̀yà tilẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀! Ó ní ọmọ rere ni. Òkété lọ sí oko Ọ̀bọ, ìka tún nà. Ó lọ sí oko Ehoro, ìka tún nà. Gbogbo oko tó bá dé ni ìka yẹn ń ṣèèṣì. Kò sí ẹni tó bi ẹnìkejì rẹ̀ léèrè. Ojú ń ti oníkálùkù láti sọ pé wọ́n ti na ìka sí elégédé òun. Kó tó di ọjọ́ kẹwàá, kò sí elégédé kan lórí ilẹ̀ mọ́. Gbogbo rẹ̀ wà lábẹ́ ilẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹnu ihò Òkété kò fẹ̀. Elégédé àkọ́kọ́ wọlé wẹ́rẹ́, torí ihò ṣófo. Nígbà tí wọ́n pọ̀, igi ìtàkùn tó wà lórí wọn ń há sí ẹnu ihò. Òkété bá fi eyín gé e. Kọ́ńkọ́! Ọ̀kan wọlé. Kọ́ńkọ́! Òmíràn wọlé. Bàbá Láníhun, ẹ bá mi dá sí i. Ṣé a máa ń gé igi orí elégédé kúrò tí a bá fẹ́ kó pẹ́?

Ẹ gbọ́ o? Bàbá ní a kì í gé e. Wọ́n ní ibẹ̀ ni omi máa ń gbà wọ inú rẹ̀. Àgbẹ̀ ló mọ ìyẹn. Òkété kì í ṣe àgbẹ̀, èkùrọ́ ni òun ń fọ́ ní tirẹ̀.

Ohun kan tún wà. Gbogbo òkété ló máa ń ní ojú ihò méjì. Bí wọ́n bá ká a mọ́ iwájú, á gba ẹ̀yìn sá. Nígbà tí ìyá rẹ̀ ń kú lọ, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní, "Ọmọ mi, o lè jẹ gbèsè, o lè jẹ ìyà. Má dí ojú ẹ̀yìn láé." Òkété ní òun gbọ́. Ṣùgbọ́n elégédé mẹ́fà ṣẹ́ kù, kò sí àyè mọ́. Ó wo ojú ẹ̀yìn. Ó ní, "Ọjọ́ díẹ̀ péré ni. Ìyá mi náà á fẹ́ kí n là." Ó fi wọ́n dí i pa pẹ́kípẹ́kí.

Ní ọjọ́ ọjà, ó bọ́ síta, ó kéde: "Mo rí elégédé díẹ̀ kó bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn o! Agbọ̀n èkùrọ́ kan, elégédé kan!"

Ìlú yọ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa kó agbọ̀n kọ̀ọ̀kan dé, ó ti di méjì. Wọ́n kó méjì dé, ó ti di mẹ́rin. "Ọ̀dá ni o," ni Òkété ń wí. "Kì í ṣe èmi. Ẹ padà wá lọ́la." Kò ta ẹyọ kan. Ó ń dúró de ọjọ́ tó ṣáájú ọdún, nígbà tí ojú gbogbo ìlú á ti pọ́n tán.

Ẹtu wá lọ́jọ́ kan pẹ̀lú agbọ̀n kan. Ó padà. Ó wá pẹ̀lú méjì, ó rù wọ́n títí ọrùn rẹ̀ fi wọ́. Ó kúnlẹ̀ fún Òkété, ẹ̀yin ọmọ. Àgbàlagbà kúnlẹ̀ fún ọmọdé.

"Òkété, àbúrò mi, ṣàánú mi. Ọdún àkọ́kọ́ Àwẹ̀ró nìyí. Ọmọ náà kì í rọra rìn, sísáré ló máa ń sá. Bí kò bá rí iná, á sáré kọjá ilé."

Òkété yí ojú kúrò. Ọ̀rọ̀ náà bà á níbi tó ń dùn ún. Ó rántí ara rẹ̀ lẹ́nu ihò, nínú òkùnkùn, tó ń pe ìyá rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ là, ó fẹ́ẹ̀ sọ pé kí ó gbà. Ṣùgbọ́n ó ro ti àwọn tó kù. Bí ó bá ta ọ̀kan ní méjì, gbogbo wọn á sọ pé méjì ni. Ó ní, "Ìyá Àwẹ̀ró, mẹ́rin ni. Ẹ padà wá lọ́la."

Mojíbádé, má sunkún. Àlọ́ kò tíì parí.

Ọ̀la dé. Ó ku ọjọ́ kan kí ọdún pé. Òkété jí, ó gbóòórùn nǹkan kan. Ó ní bóyá ẹsẹ̀ òun ni. Ó na ọwọ́ sí elégédé tó sún mọ́ ọn jù, ọwọ́ rẹ̀ wọ inú rẹ̀ lọ bí ìgbà tí a fi ọwọ́ bọ inú ẹ̀kọ. Ó kan èkejì, omi ló ṣàn jáde. Ó sáré wọ ààrin wọn láti wá èyí tó dára. Bó ṣe ń fà wọ́n, òkìtì náà wó lulẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, gbàmù! Ó dí ojú iwájú.

Òkété yíjú sí ẹ̀yìn. Ta ló dí ẹ̀yìn? Ẹ bi í léèrè.

Ìgbà yẹn gan-an ni òjò tí gbogbo ìlú ti ń bẹ̀ láti ìgbà pípẹ́ wá dé. Ó rọ̀! Ilẹ̀ gbígbẹ kò lè mu ún, ó ń ṣàn wọ inú ihò. Òkété bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin, ẹ máa bá mi gbè é:

Ẹ gbà mí o, ará ilé,
*Elégédé ti jẹrà.*
Mo dí iwájú, mo dí ẹ̀yìn,
*Elégédé ti jẹrà.*
Ìyá ní n má dí ojú ẹ̀yìn,
*Elégédé ti jẹrà.*
Omi ti kan mi ní orúnkún,
*Elégédé ti jẹrà.*
Ìyá, ìyá, ẹ wá mú mi,
*Elégédé ti jẹrà.*

Ta ló wà lójú ọ̀nà nínú òjò yẹn? Ẹtu ni. Ó ti rí agbọ̀n mẹ́rin kó jọ, ó ń gbé wọn bọ̀ ní méjì-méjì. Ó gbọ́ orin náà láti abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó dúró. Ó gbọ́ pé elégédé ti jẹrà. Ó mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ fún Àwẹ̀ró. Inú bí i tó bẹ́ẹ̀ tí ó yí ẹ̀yìn padà, ó gbé ẹsẹ̀ méjì.

Ohùn náà tún ké: "Ìyá, ìyá, ẹ wá mú mi."

Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé mọ́. Ó ní, "Ọmọ ẹnìkan ni èyí náà." Ó da èkùrọ́ nù, ó fi pátákò wa ilẹ̀ níbi ojú ẹ̀yìn. Ó wà á, ó wà á. Elégédé jíjẹrà ń yọ sí i lójú, ó ń tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nígbà tó yá, orí Òkété yọ. Ó rin gbindin, ó dọ̀tí, òórùn rẹ̀ kò ṣeé sọ. Ó di elégédé kan mú mọ́ àyà. Ẹyọ kan ṣoṣo ló kù, èyí tó wà lórí ibùsùn, tí igi orí rẹ̀ wà lára rẹ̀ digbí.

Òkété dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀. "Ìyá Àwẹ̀ró, ẹ gbà á. Tiyín ni tẹ́lẹ̀. Òun ni mo kọ́kọ́ na ìka sí, òun nìkan ni kò bàjẹ́."

Ẹtu gbà á. Òjò ń rọ̀ lé e lórí, ó ń fọ ìdọ̀tí oko kúrò ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹtu yí i padà. Ó rí nǹkan kan níbẹ̀.

Ipa ẹsẹ̀ ni. Pátákò méjì, ó ti san, ó ti le bí àpá. Àwẹ̀ró tẹ̀ ẹ́ nígbà tí elégédé kò ju ọsàn lọ, nígbà tí ẹsẹ̀ tirẹ̀ kò ju èkùrọ́ lọ. Elégédé dàgbà, ipa ẹsẹ̀ náà ń bá a dàgbà. Ẹtu gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, ó fi lé e. Ó ṣe rẹ́gí.

Ó ní, "Ó ti dàgbà." Ó tún un sọ. "Àwẹ̀ró mi ti dàgbà."

Ó wá sun ẹkún tí kò tíì sun láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ín.

Ní ọjọ́ kejì, ìlú pé jọ lé Òkété lórí. Ọ̀bọ mú igi dání. Ọ̀yà ní, "Nítorí ìka rẹ, kò ní sí iná lẹ́nu ọ̀nà kankan lónìí!" Òkété tẹ orí ba, kò sá. Ibo ni ó tún fẹ́ gbà sá?

Ẹtu ní, "Ẹ sọ igi yẹn sílẹ̀. Iná kan wà. Kí ilé kọ̀ọ̀kan lọ mú òwú tirẹ̀ wá."

Wọ́n gé orí elégédé náà, wọ́n ha inú rẹ̀, wọ́n gbé e sí orí òkúta ní ìta ọjà, wọ́n yí ipa ẹsẹ̀ sí ojú ọ̀nà. Òkété lọ gbé àdín tó ti fi èkùrọ́ tirẹ̀ ṣe láti ọdún tó kọjá, ó dà á sí i títí ó fi kún. Àṣálẹ́ lẹ́. Wọ́n ń wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀yà ki òwú kan bọ̀ ọ́, ó pe orúkọ ọkọ rẹ̀. Ọ̀bọ ki òwú kan bọ̀ ọ́. Ehoro ki mẹ́rin bọ̀ ọ́. Iná náà tóbi ju èyí tí ilé kan tàn rí lọ.

Òkété dúró lókèèrè nínú òkùnkùn, níbi tó mọ̀ dáadáa láti ọdún tó kọjá.

Ẹtu gbójú sókè, ó wá a títí ó fi rí i. Ó ní, "Òkété. Òwú ìyá rẹ dà?"

Òkété fà sẹ́yìn. Ó ní ilé òun ti ṣókùnkùn lọ́dún tó kọjá, ìyá òun ti ṣìnà.

"Ìdí nìyẹn tí o fi gbọ́dọ̀ mú un wá. Iná yìí pọ̀. Yóò rí i láti ọ̀nà jíjìn. Bí ó bá bá ọmọ kékeré kan pàdé lọ́nà tó ń sáré, sọ fún un kó bá mi dì í lọ́wọ́ mú."

Òkété mú òwú rẹ̀ wá.

Ìdí àlọ́ mi rèé, ẹ dì í mú ṣinṣin. Kì í ṣe Òkété ló gba elégédé ìlú yẹn, ẹ̀rù ló gbà á fún un. Ẹni tó bá dẹ́rù bà ọ́ tán, tó tún ní kí o jẹ́ kí òun bá ọ gbé ẹrù náà, wo ọwọ́ rẹ̀ dáadáa. Ìwọ tí ìyà ti jẹ rí, má sọ ìyà náà di ọjà tí wàá máa tà fún ẹlòmíràn. Ẹni tó bá sì fi ohun olóhun dí ẹ̀yìn ilé rẹ̀, ara rẹ̀ ló dè mọ́lé. Láti ọjọ́ yẹn ni Òkété kì í ti í fi nǹkan kan dí ojú ihò kejì mọ́, títí di òní.

Bí mo bá purọ́, kí elégédé oko mi má so. Ṣùgbọ́n ó so, mẹ́ta ni. Mojíbádé, mo rí ọ, ká ìka rẹ kò. Bí o bá fẹ́ kí i, fi ẹsẹ̀ kí i.